Bí A Ṣe Lè Mú Kí Ẹ́ńjìnì Kékeré Onítọ́bò Pẹ́ Lọ́wọ́ Wa ní Àbújá

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye kìlómítà tí lítà epo kan lè gbé ọkọ̀ dé ti di ohun tí gbogbo wa ń ṣírò. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju lítà 1.0 sí 1.6 lọ, ṣùgbọ́n tí ó ní tọ́bò tí ń fún un lágbára ẹ́ńjìnì ńlá, fi ń pọ̀ sí i ní títì Àbújá: àwọn ọkọ̀ tuntun láti China, Honda àti Volkswagen tòkunbọ̀, Chevrolet Cruze, Ford, àti àwọn Mercedes tí a kọ C180 sí lẹ́yìn. (Èyí tí wọ́n bá kọ Kompressor sí lára kì í ṣe onítọ́bò, bẹ́líìtì ni ó ń yí ti ìyẹn.) Bí ẹ bá dé ibùdó àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé, "Ẹ má ra onítọ́bò o, kì í pẹ́ dákú." N kò fara mọ́ ọn. Nínú gbogbo tọ́bò tí ó ti kú tí a tú palẹ̀ lójú mi, díẹ̀ ni ó kú ikú ara rẹ̀. Ọ́ìlì ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù, eruku àti ooru pa ìyókù, bẹ́ẹ̀ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹni tí ó ni ọkọ̀ lè ká lọ́wọ́ kò.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "epo" ni bẹntiróòlù tí à ń rà nílé epo, "ọ́ìlì" sì ni èyí tí à ń dà sínú ẹ́ńjìnì. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́, a ó sì dé ibẹ̀.

Tọ́bò kì í ṣe awo. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ti gba ìwé àṣẹ lórí ìmọ̀ náà láti ọdún 1905. Abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ni, tí ọ̀pá irin kan ṣoṣo tí kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ so pọ̀. Èéfín gbígbóná tí ìbá kàn gba inú sàlẹ́ńsà lọ dànù ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìyẹn ti ń yí ni èkejì náà ń yí, tí ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí ó sì ń fún un pọ̀ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná, nítorí náà ó ní láti gba inú íńtákúlà kọjá, èyí tí ó dà bí rédíétọ̀ pẹlẹbẹ, kí ara rẹ̀ lè tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì, epo púpọ̀ lè jó lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni agbára ti ń wá.

Bí ọ̀pá yẹn ṣe ń yí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú tọ́bò kékeré, ó lè yí ju ìgbà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kì í sábà kọjá 6,500. Èéfín tí ń fẹ́ lu abẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lè gbóná tó 950°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, irin kì í kan irin: orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó irun orí ni ọ̀pá náà léfòó lé. Ọ́ìlì kan náà tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì ni, tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé wá, tí páìpù mìíràn tí ó fẹ̀ jù ú lọ sì ń gbé padà sísàlẹ̀. Bí ọ́ìlì yẹn bá dá fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré nígbà tí ọ̀pá ń sáré, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin.

Ọ́ìlì ni ọba

Ìwé tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ lè sọ fún yín pé kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 10,000, tàbí 15,000 pàápàá. Ẹ ṣí ìwé náà síwájú díẹ̀ sí i. Ẹ ó rí ojú ewé mìíràn tí wọ́n kọ fún àwọn tí ń lo ọkọ̀ nínú ìnira: níbi eruku, níbi ooru, nínú ìrìn kúkúrú, àti nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ níbẹ̀ ni ẹni tí ń gbé Mararaba ti ń bá pàdé kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré 80 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Ìlọrin yóò lo nǹkan bíi wákàtí 62 kí ó tó rin kìlómítà 5,000. Ọkọ̀ tí ń wọ́ lọ, tí ń wọ́ bọ̀ láàárín Nyanya àti Area 1 ní ìwọ̀n 20 ní wákàtí kan yóò lo wákàtí 250 fún kìlómítà 5,000 kan náà. Ojú kìlómítà kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ́ìlì mọ̀ ọ́n. Òfin tí mo fi ń darí ọkọ̀ tèmi ni kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tí ó bá ń ná ọ̀nà Kánò sí Màídúgùrì nígbà ọyẹ́ lè dín in kù sí 4,000. Ọ̀rọ̀ yìí kan fílítà ọ́ìlì náà: ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ojúlówó, nítorí rọ́bà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn tán padà sísàlẹ̀ ní òru. Ayédèrú fílítà kì í sábà ní rọ́bà tí ó dára, tọ́bò yóò sì máa fi ara gbígbẹ yí ní àràárọ̀.

Irú ọ́ìlì wo? Ẹ ka ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, tàbí ìwé ọkọ̀. 5W-30 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè, àwọn kan ń béèrè 0W-20; àwọn nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Níbí ni èmi àti ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti máa ń jiyàn. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ooru ìlú yìí kò gba ọ́ìlì olómi o, ẹ jẹ́ kí a da èyí tí ó ki sí i." Èyí tí ó ki tí wọ́n ń sọ ni 20W-50, ọ́ìlì tí ó bá ẹ́ńjìnì àtijọ́ mu, tí àlàfo inú rẹ̀ ti fẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì kékeré onítọ́bò, ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà há, èyí tí ó bá ki jù sì ń pẹ́ kí ó tó dé ibi tọ́bò ní àárọ̀. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá gba 5W-40 láàyè, mo fara mọ́ ọn fún ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin. Ẹ má kọjá rẹ̀.

Lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn, ẹ wá lẹ́tà API SP lára ike náà, ìyẹn ìpele dídára ọ́ìlì tí àjọ American Petroleum Institute ń fi síta. Ọdún 2020 ni ìpele yìí jáde. SN Plus tí ó jáde ní 2018 ni ó ṣáájú rẹ̀, àìsàn kan náà ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣe àwọn méjèèjì. Nínú ẹ́ńjìnì onítọ́bò tí ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, ẹ̀kán ọ́ìlì tí ó dà pọ̀ mọ́ epo lè gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí díẹ̀ tí a sì di ẹrù lé e. Iná náà á pàdé písítìn tí ó ṣì ń gòkè bọ̀, ẹ ó gbọ́ gbì kan bí ẹni fi òòlù lu irin, ìkan péré sì lè fọ́ písítìn. Àwọn olùwádìí rí i pé èròjà calcium inú ọ́ìlì ń dá kún un, wọ́n sì fi magnesium rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀. Ike ọ́ìlì tí kò bá ti kọ ju SN tàbí SL lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ pé ó pọ́n wẹ́wẹ́.

Awakọ̀ náà ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń gun òkè Hawan Kibo lọ sí Jos, tí ó fi jíà gíga sílẹ̀ nítorí kí epo má baà jẹ púpọ̀, tí ó wá tẹ iná mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì kò yí ju 1,500 lọ, ń pe àìsàn yẹn wálé. Ẹ já jíà sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè yí tó 2,500 sí 3,000, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, ẹ fà á sí S kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òkè.

Ní ti ayédèrú ọ́ìlì, ọ̀dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ni kí ẹ ti rà á, ẹ má rà á lórí tábìlì ẹ̀bá títì. Lẹ́yìn tí ẹ bá dà á tán, ẹ fi ọ̀bẹ gún ike náà kí ẹ tó jù ú nù, nítorí àwọn kan wà tí ń ra ike òfìfo, kì í sì í ṣe omi mímu ni wọ́n fẹ́ rọ sínú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti kú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fa ọ̀pá gééjì yọ. Ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Láàárín àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń tó lítà kan, ẹ́ńjìnì onítọ́bò sì lè mu díẹ̀ nínú rẹ̀ láìsí àìsàn. Ẹ má wo ìwọ̀n nìkan o. Ẹ gbé ọ̀pá náà sún mọ́ imú. Bí ó bá ń rùn bí ilé epo, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń ga sókè dípò kí ó máa lọ sílẹ̀, epo ti ń wọ inú ọ́ìlì, ó ti ń sọ ọ́ di omi lásán. Àwọn Honda lítà 1.5 onítọ́bò ti ní ìṣòro yìí ní àwọn ìlú olótùútù, lára àwọn tí kì í wakọ̀ jìnnà. Ẹ lè ní Àbújá kì í ṣe ìlú olótùútù. Ẹ dúró dìgbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ tẹmọsítáàtì.

Àwọn ẹ́ńjìnì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì wọn le ju ti ìyókù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú Ford EcoBoost lítà 1.0 oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́ta àti Peugeot PureTech lítà 1.2 ní bẹ́líìtì rọ́bà tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì kò bá jẹ́ èyí tí ìwé wí, tàbí tí epo bá ti dà pọ̀ mọ́ ọn, rọ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, á máa já wẹ́wẹ́, àwọn ẹ̀já yẹn á sì lọ dí asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù ọ́ìlì. Tọ́bò ni ó ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ní òpin ọdún 2023, ní Amẹ́ríkà, Ford pe àwọn Focus àti EcoSport kan tí ó ní ẹ́ńjìnì yìí padà nítorí ètò bẹ́líìtì tí ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì wọn. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀, tí kò sì rí ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì náà, kí ó kà á sí pé wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Ti Volkswagen 1.4 TSI àtijọ́, ṣéènì ni wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kẹrẹkẹrẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ní ìdáná àárọ̀, ẹ má fi dọ́la.

Ìdáná àti ìpaná

Ní àárọ̀, ìdajì ìṣẹ́jú ti tó kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ibi tí ó yẹ. Kò sí ìdí láti jẹ́ kí ọkọ̀ máa kùn nílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú bí ẹni ń se ẹ̀wà. Ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má tẹ iná mọ́ ọn títí ojú ìwọ̀n ooru yóò fi dé ibi tí ó máa ń dúró sí.

Ìpaná ni ó ń pa àwọn ènìyàn lára jù. Ẹ ti bá eré bọ̀ láti Kàdúná, ẹ yà sí ilé epo, ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbẹ́ èéfín ṣì gbóná janjan, ọ́ìlì sì ti dá. Ìwọ̀nba èyí tí ó kù sídìí ọ̀pá á wá jóná, á di ẹ̀ẹ́dú. Ẹ̀ẹ́dú yẹn kò ní lọ mọ́: bí a bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, òmíràn á tún lé e. Ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì lẹ́yìn eré líle tàbí òkè gígùn kí ẹ tó pa á. Bí ó bá jẹ́ ìrìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín àdúgbò ni ẹ fi parí ìrìn yín, ìyẹn ti tù ú tán, ẹ pa á kí ẹ wọlé. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ní pọ́ǹpù oníná tí ń yí omi ká tọ́bò lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnì, fáànù sì lè máa kùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọlọ́dẹ wa ti sáré wá kan ilẹ̀kùn mi rí pé, "Alàgbà, ẹ ò pa mọ́tò yín o!" Ẹ má torí ìyẹn yọ okùn bátìrì.

Eruku ọyẹ́

Ẹni tí ó bá ti jí ní Àbújá ní àárọ̀ oṣù Kejìlá, tí ó fi ìka fa ìlà sórí gíláàsì ọkọ̀, ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti aṣálẹ̀, pàápàá láti ìhà Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé eruku yìí wá. Ó kúnná bí àtíkè, ó sì ń gé irin bí àǹgbá. Asẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni ó dúró láàárín rẹ̀ àti abẹ̀bẹ̀ tí ń yí ìgbà 200,000.

Àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni kí mẹkáníìkì gbá asẹ́ náà mọ́ táyà, kí ó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà kí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Agbára afẹ́fẹ́ fọ́kanáísà á ya bébà asẹ́ náà ní ihò tí ojú lásán kò lè rí, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ní asẹ́. Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, kí ẹ mú un síwájú iná tọ́ọ̀ṣì; bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á já dáadáa, ẹ ra òmíràn. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń yẹ tèmi wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará Kánò àti Màídúgùrì kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé ìdérí àpótí asẹ́ náà pa dé, kí ẹ má fi ìdè rẹ̀ kankan sílẹ̀ láìdè, nítorí eruku kì í wá ọ̀nà tí ó fẹ̀. Asẹ́ olówùú tí wọ́n ń fi òróró pa lára, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn nítorí ìró rẹ̀, kò bá ìlú wa mu.

Ní ọdọọdún, lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín yẹ tọ́bò wò. Kí ẹ́ńjìnì ti tutù pátápátá. Ẹ tú ìdè rọ́bà tí ó ti inú àpótí asẹ́ wọ tọ́bò, ẹ fà á kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Etí abẹ̀bẹ̀ tí ẹ ó rí yẹ kí ó mú, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba; bí ó bá ti ràn, tí ó yọ gọ̀ńgọ̀gọ̀ńgọ̀ bí eyín àgbàlagbà, eruku ti ń kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ fi ìka méjì di nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ mú. Ẹ mì í sókè sódò: yóò mì díẹ̀, kò léwu, nítorí àyè ọ́ìlì ni. Ẹ tì í síwájú, kí ẹ fà á sẹ́yìn: kò gbọdọ̀ sún kí ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá yí i. Kí ó yí láìdún, kí etí rẹ̀ má sì ha ara ilé rẹ̀. Ọ́ìlì díẹ̀ tí ó kan pa inú rọ́bà lára kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ tó láti ṣàn, ohun kan ti bàjẹ́. Kí ẹ tó dá rọ́bà padà, ẹ ka gbogbo nọ́ọ̀tì tí ẹ tú, nítorí èyí tí ó bá bọ́ sínú ihò yẹn ni yóò pa tọ́bò náà lọ́jọ́ tí ẹ bá dáná.

Ẹ yẹ iwájú rédíétọ̀ àti íńtákúlà wò pẹ̀lú. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ a máa kó jọ síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Omi ẹ̀rọ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti inú wá síta.

Tẹmọsítáàtì kì í ṣe ọ̀tá

Bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan péré ní ìlú yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe ni kí wọ́n yọ tẹmọsítáàtì sọnù. Wọ́n ní òtútù ni ó wà fún, ilẹ̀ wa kò sì nílò rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tẹmọsítáàtì ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ, tí ó sì ń dá a dúró síbẹ̀, nǹkan bíi 90 sí 105°C. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa tutù jù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa fọ́n epo púpọ̀ jù sínú ẹ́ńjìnì, èyí tí kò jó nínú rẹ̀ á sì ṣàn lọ bá ọ́ìlì. Báyìí ni ọkọ̀ tí ó wà ní Lugbe nínú ooru 38°C ṣe ń jẹ àìsàn àwọn ìlú yìnyín. Bí tẹmọsítáàtì bá bàjẹ́, ẹ fi tuntun sí i.

Kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe píọ̀ wọ́tà àyàfi ní ọ̀nà ìrìnàjò nígbà tí kò sí òmíràn. Omi lásán ń dá ìpẹtà sílẹ̀, ìpẹtà sì ń dí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà yí tọ́bò ká. Ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti gan náà kò yẹ ní fífojú fò, nítorí ìdérí yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100°C. Chevrolet Cruze lítà 1.4 ní òkìkí fún pọ́ǹpù omi àti àwọn oríkèé ike tí ń jò. Ẹni tí ó bá ní in kí ó máa wo ìwọ̀n kúláǹtì bí ó ti ń wo ọ́ìlì. Bí ẹ bá sì ṣí ìdérí ọ́ìlì, tí ẹ rí ohun tí ó dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí, ẹ má dáná mọ́. Ẹ pe ọkọ̀ agbọ́kọ̀.

Epo

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo, kéde pé wọ́n rí epo kan tí methanol (irú ọtí líle kan) inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Àwa tí a tò sórí ìlà fún epo ní Àbújá nígbà náà kò tíì gbàgbé. Irú epo bẹ́ẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní pọ́ǹpù tí ń ti epo jáde pẹ̀lú agbára tí ó lé ní 200 bar, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà yín kò ju nǹkan bíi 2.3 lọ. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìdọ̀tí tàbí omi. Ilé epo tí èrò ti ń wọ́ lọ ni kí ẹ ti máa rà. Bí ẹ bá bá táńkà tí ń já epo lọ́wọ́, ẹ kọjá, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò epo ti rú sókè. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì kò yẹ ọkọ̀ yìí, bí ó ti wù kí ìlà gùn tó.

Ìwé ọkọ̀ kan lè béèrè epo 95 (nọ́ńbà tí ń sọ bí epo ṣe lè fara dà á tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀), ṣùgbọ́n ilé epo wa kì í bi wá léèrè irú èyí tí a fẹ́. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbọ́ bí ẹ́ńjìnì bá ń kanlẹ̀, á sì fa iná sẹ́yìn kí ó má baà bàjẹ́, agbára á wá dín kù díẹ̀. Ẹ gbà fún un, kí ẹ má máa fi ipá tẹ̀ ẹ́ nínú ooru ọ̀sán. Èmi kì í náwó sórí àwọn ìgò kékeré tí wọ́n ń ní ó ń fi agbára kún epo.

Nígbà tí ó jẹ́ pé inú sìlíńdà tààrà ni epo ń lọ, kò sí ohun tí ń fọ ẹ̀yìn fáàfù mọ́, èérí dúdú á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bíi kìlómítà 80,000 sí 100,000 ni ó máa ń hàn: ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n ní ìdúró, kò sì ní já fáfá. Oògùn tí à ń dà sínú táǹkì kò lè dé ibẹ̀. A ní láti tú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Púlọ́ọ̀gì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: kìlómítà 40,000 sí 60,000, ojúlówó, kí àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ bí ìwé ti wí. Àlàfo tí ó fẹ̀ jù ń fi iṣẹ́ pa kọ́ìlì.

Bí agbára bá já

Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá tọ́bò lẹ́bi kí ó tó wo àwọn ohun tí ó rọrùn. Ẹ lo sikánà. Bí ó bá kọ P0299, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fún pọ̀ kò tó. Kò sọ pé tọ́bò ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà kan láàárín tọ́bò àti íńtákúlà ni ooru ti là, ẹ ó sì gbọ́ ṣììì bí ẹ bá tẹ iná. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ wọ́n ọn sí àwọn oríkèé náà nígbà tí ẹnì kan ń tẹ iná díẹ̀díẹ̀ nínú ọkọ̀. Ibi tí ó bá ti ń hó ni ó ti ń jò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ tó wá kan apá kékeré tí ń ṣí ojú ọ̀nà èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù ní ìdáná àárọ̀ náà kì í ṣe ti tọ́bò dandan: fáàfù tí ń fa èémí ẹ́ńjìnì lè ti ya. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá fà á mọ́lẹ̀ pinpin tí ìró sì yí padà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí ó bá wá jẹ́ tọ́bò lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣe èmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tọ́bò ọkọ̀ mi kú lọ́nà Lọ́kọ́ja. Mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà fi tòkunbọ̀ kan rọ́pò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ìyẹn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá. Bàbá kan ní Apo, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo wá gbé e lọ bá. Wọn kò tilẹ̀ wo tọ́bò. Wọ́n tú bóòtù oníhò tí ó so páìpù ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, asẹ́ kóńkólóyo kan tí kò tóbi ju èékánná lọ sì já bọ́, ó dí pátápátá, ẹ̀ẹ́dú ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò sí bí tọ́bò kẹta ò ṣe ní kú." Mo ti ra tọ́bò lẹ́ẹ̀mejì nítorí páìpù kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ tọ́bò, ẹ ra páìpù ọ́ìlì rẹ̀ àti bóòtù náà ní tuntun, ẹ fọ páìpù ìpadà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, kí ẹ sì tú íńtákúlà sílẹ̀ kí ẹ da ọ́ìlì àti wẹ́wẹ́ irin inú rẹ̀ nù, kí ẹ́ńjìnì má baà fà á mì. Kí ẹ tó so páìpù, ẹ fi sírínjì kán ọ́ìlì tuntun sínú ihò tọ́bò, ẹ máa fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ náà bí ẹ ti ń kán an. Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo kí ẹ́ńjìnì má lè gbiná, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta, títí ọ́ìlì yóò fi máa jáde ní páìpù ìpadà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dá fíúsì padà. Ẹ dáná, kí ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìtẹ iná rárá. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ tún tú bóòtù yẹn wò. Tèmi mọ́ lóló nígbà tí a tú u, bàbá sì dá a padà láìsọ̀rọ̀.